A Kì í Fi Búrọ́ọ̀ṣì Tún Àlàpà Kọ́

Ọ̀dà olómi ni iṣẹ́ àwa ẹgbẹ́ ayàwòrán ọmọ Yorùbá tí a kọ ìwé yìí, àwókù ilé àwọn ará Róòmù àti Gíríìsì ìgbàanì la sì ń fi í yà. Ó ti pẹ́ tí a ti ń wo ohun tí àwọn kan ń fi òkúta wọ̀nyẹn ṣe lórí pépà, ara wa ò gbà á mọ́, la bá ní ká sọ tẹnu wa síta. Òpó tó ti ṣẹ́ sí méjì, ayàwòrán á fi búrọ́ọ̀ṣì so ó pọ̀. Òrùlé tó ti wọlẹ̀ láti ayébáyé, á gbé e padà sórí ògiri. Aṣọ tí ìyá kan sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, á yọ ọ́ kúrò, ó ní kò bójú mu. Bó bá ṣe tán, kì í ṣe ibi tó jókòó sí ló wà lójú pépà. Àlá tó lá ló yà, tó wá kọ Róòmù sí i lábẹ́.

A ò bá wọn dá sí i. Ohun tó wó ti wó. Iṣẹ́ ayàwòrán ni kó fi hàn bó ṣe wó, ohun tó hù síbẹ̀ lẹ́yìn tó wó, àti ẹni tó ń gbé ibẹ̀ lónìí. Gbogbo òfin tó wà nínú ìwé yìí, inú gbólóhùn yẹn ló ti jáde.

William Pars, ayàwòrán ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, la fi ṣe bàbá ìsàlẹ̀, ó sì yẹ ká sọ ìdí rẹ̀. Ní 1764, àwọn ọlọ́lá kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ Society of Dilettanti náwó sí ìrìn àjò kan. Wọ́n rán Pars, Richard Chandler àti Nicholas Revett lọ sí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àṣẹ Tọ́kì nígbà náà, títí dé Gíríìsì, pé kí wọ́n wọn àwọn àwókù tó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì yà wọ́n wálé. Ẹni ọdún 22 ni Pars. Nígbà tí wọ́n dé Áténì, ó gun òkè Acropolis, ó sì ya tẹ́ńpìlì Parthenon bó ṣe bá a. Ẹni tó bá jẹ́ pé inú kàlẹ́ńdà ló ti mọ Parthenon ò ní dá èyí mọ̀. Ilé kéékèèké há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ilé àwọn sójà Tọ́kì tó ń ṣọ́ òkè náà àti ti ẹbí wọn. Ẹ̀yìn òrùlé wọn ni tẹ́ńpìlì ti yọrí. Èèyàn ń gbé níbẹ̀, wọ́n ń dáná, wọ́n ń bímọ.

Ẹ jẹ́ ká rántí bó ṣe di àwókù. Ní 1687, àwọn Tọ́kì kó ẹ̀tù ìbọn pa mọ́ sínú rẹ̀, àwọn ọmọ ogun Venice yin àgbá bà á, ó bú gbàù, àárín tẹ́ńpìlì fò lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ mọ́sáláásí kékeré kan sáàárín òpó tó ṣẹ́kù. Nígbà tí Gíríìsì wá gba òmìnira lọ́wọ́ Tọ́kì, àwọn ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í gbá orí òkè náà mọ́. Ilé àwọn sójà lọ. Mọ́sáláásí náà lọ. Ní 1875, ilé ìṣọ́ gíga kan tí àwọn olóyè ilẹ̀ Yúróòpù tó jẹ lórí Áténì ṣáájú Tọ́kì kọ́ náà bá wọn lọ. Wọ́n fẹ́ kí ayé Gíríìsì ìgbàanì dá dúró lórí òkè, kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ má fara hàn. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n gbá dànù pẹ̀lú ìgbálẹ̀ kan. Inú irú pépà tí Pars yà la ti ń rí àwọn ilé yẹn lónìí. Bó bá jẹ́ pé òun náà sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Jẹ́ kí n yọ àwọn ahéré wọ̀nyí kúrò kí tẹ́ńpìlì lè mọ́," à bá ti pàdánù wọn pátápátá.

Ìdí rèé tí a fi ń sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá wa rìn gbọ́dọ̀ ya ohun tó bá wà níbẹ̀ tọ́kàn rẹ̀ ò fẹ́: wáyà iná, ọ̀kadà tí wọ́n gbé ti ògiri, ọmọ ilé ìwé tó ń fi ẹ̀yìn ti òpó jẹ búrẹ́dì, tíkẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ gbé. Kó má fi wọ́n ṣe ẹ̀ṣọ́ o, bí àwọn kan ṣe máa ń da darandaran mélòó kan síbẹ̀ kí àwòrán lè dùn. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ni kó yà.

Ilẹ̀ ló ṣáájú òkúta. Ní Paestum, ní ìsàlẹ̀ Naples, tẹ́ńpìlì mẹ́ta tí àwọn Gíríìkì kọ́ ṣì dúró, òpó wọn pé ju ti ọ̀pọ̀ tó wà ní Gíríìsì fúnra rẹ̀ lọ. Kí ló gbà wọ́n là? Àbàtà ni, àti ẹ̀fọn. Omi dágún sórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà, ibà lé àwọn ará ìlú lọ, kò wá sí ẹni tó máa wá tú òkúta kọ́lé níbẹ̀. Ẹfọ̀n àti màlúù ló kù tó ń jẹko lẹ́sẹ̀ òpó. Ayàwòrán John Robert Cozens dé ibẹ̀ ní 1782, ó ya tẹ́ńpìlì wọ̀nyẹn lábẹ́ ojú ọ̀run tó ṣú dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́ rẹrẹ, ó rọ̀, kò sí igi tó ga, kò sí ilé. Ẹni tó bá yọ àbàtà kúrò nínú àwòrán Paestum kí ó lè rí ọ̀gbà òdòdó yà síbẹ̀ ti yọ ìdí tí tẹ́ńpìlì náà fi wà láàyè kúrò.

Koríko náà ńkọ́? Ní 1855, Richard Deakin, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde lórí ewéko tó ń hù lára Colosseum, pápá ìjà ńlá ti Róòmù ìgbàanì, nìkan, ó sì ka irúgbìn 420. Ẹ gbọ́ ná, ara ilé kan ṣoṣo! Ọ̀pọ̀tọ́ ń hù níbẹ̀, koríko onírúurú ń hù, òdòdó tó ṣọ̀wọ́n ní Yúróòpù wà níbẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì fẹ́ràn láti máa sọ pé oúnjẹ àwọn ẹranko tí wọ́n kó wá jà láti Áfíríkà ló gbé irúgbìn wọn dé. Nígbà tí Róòmù bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ítálì tuntun ní 1870, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú gbogbo rẹ̀, wọ́n ní gbòǹgbò ń la òkúta. Ó lè jẹ́ pé wọ́n rí i sọ, gbòǹgbò kì í ṣọ̀rẹ́ ògiri. Àmọ́ ẹni tó bá wo Colosseum tí Francis Towne yà ní 1780 sí 1781 á rí i pé ilé tí Towne rí kì í ṣe èyí tí à ń rí lónìí. Ewé wà lára tiẹ̀. A ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ fi ewé padà sára Colosseum, torí ìyẹn náà á jẹ́ irọ́. Ohun tí à ń sọ ni pé koríko tó bá kù, tó yọ orí láàárín òkúta méjì, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Òfin tó tẹ̀ lé e la máa ń bá ara wa jà lé lórí jù, a sì ti pinnu pé kò ní yẹ̀: ẹ má ṣe sọ pé àkókò ló wó o. Àkókò kì í wó ilé. Èèyàn ló ń wó o, òjò, ìmìtìtì ilẹ̀ àti gbòǹgbò a sì máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Apá gúúsù Colosseum tó ṣí sílẹ̀ gbayawu yẹn, ìmìtìtì ilẹ̀ 1349 ló dà á lulẹ̀, ṣùgbọ́n òkúta tó dà lulẹ̀ kò jókòó síbẹ̀. Wọ́n kó o lọ kọ́ ààfin àti ilé ìjọsìn káàkiri Róòmù. Òkúta mábìlì tí ẹ ò rí mọ́ lára ọ̀pọ̀ tẹ́ńpìlì, wọ́n sun ún nínú ààrò di ẹfun ìkọ́lé, ère pẹ̀lú ọwọ́ àti imú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1620, Póòpù Urban VIII tú idẹ tó wà lábẹ́ àjà ìloro tẹ́ńpìlì Pantheon, ó sì fi púpọ̀ nínú rẹ̀ rọ àgbá ogun.

Báwo ni ayàwòrán ṣe máa fi búrọ́ọ̀ṣì sọ gbogbo èyí? Kó sún mọ́ ògiri. Ara Colosseum kún fún ihò, ihò tó tó ìkúùkù, lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àwọn tó kọ́ ọ ò fi àpòrọ́ so àwọn òkúta ńlá náà pọ̀. Irin ni wọ́n fi de òkúta mọ́ òkúta. Nígbà tí agbára Róòmù wọmi, tí irin di ọ̀wọ́n, àwọn ará ìlú gbẹ́ ògiri láti yọ irin náà jáde. Àpá ọwọ́ wọn nìyẹn. Àwọn ayàwòrán kan máa ń tẹ́ ọ̀dà kọjá lórí ihò wọ̀nyẹn kí ògiri lè jọ̀lọ̀. Àwa ní kí ẹ kà wọ́n, kí ẹ kán dúdú sínú wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kó rẹ̀ yín. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní Róòmù, èèyàn ló la ògiri lẹ́nu, aláǹgbá kàn wá bá a bẹ́ẹ̀ ni, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní tó ń yáàrùn.

Wọ́n ti bi wá pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀dà olómi. Ẹni tó ń lo ọ̀dà olóròóró lè ṣe àṣìṣe láàárọ̀, kó fi òmíràn bò ó mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Tiwa ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà tiwa mọ́ gaara, ohun tó wà nísàlẹ̀ á máa hàn látòkè, ìlà tó o fà láìrò ó máa bá ọ délé. Ayàwòrán tó fẹ́ fi òpó tí kò sí síbẹ̀, ọ̀dà olómi á sọ fún aráyé pé ẹ̀yìn ló dé.

A ò sì ní ọ̀dà funfun. Pépà ni funfun wa. Ibi tí oòrùn bá mú lára òkúta, ńṣe la máa yẹra fún un. Turner, ọ̀gá nínú àwọn ayàwòrán Gẹ̀ẹ́sì, lo ọ̀dà funfun dáadáa, ìtàn tiẹ̀ sọ pé ó dá èékánná àtàǹpàkò kan sí láti fi máa ha pépà kí funfun lè yọ. A mọ̀. Turner ni, kò sẹ́ni tó máa bá a wíjọ́. Ẹni tí kì í bá ṣe Turner kó fi pépà sílẹ̀.

Bó ṣe ń lọ rèé. O ti rẹ pépà sómi láti àná, o lẹ etí rẹ̀ mọ́ pátákó, ó gbẹ, ó le gan-in. Fi nǹkan ti orí pátákó náà kó dagun díẹ̀. Po sienna sínú omi tó pọ̀, fi búlúù díẹ̀ sí i, kó o wá fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá tẹ́ ẹ láti òkè, láti òsì dé ọ̀tún, láti ọ̀tún padà sí òsì. Omi á kóra jọ sí ìdí ìlà kọ̀ọ̀kan, á máa mì bí ẹyin àdàbà. Má jẹ́ kó gbẹ, ìlà tó tẹ̀ lé e ló máa gbà á sọ̀ kalẹ̀. Bó o bá dé etí òpó, yí i ká. Má kánjú. Ibi tó o yí ká yẹn, tí nǹkan kan ò kàn, oòrùn nìyẹn. Jẹ́ kó gbẹ tán. Òjìji ló kù, ti inú ẹnu ọ̀nà tó ga tó sì ṣókùnkùn: tẹ́ ultramarine síbẹ̀ kó nípọn, nígbà tó ṣì tutù rinrin, kán sienna tí wọ́n ti sun nínú iná sí i lẹ́ẹ̀kan. Má rò ó pọ̀. Gbé ọwọ́ rẹ kúrò. Àwọn méjèèjì á bá ara wọn yanjú ọ̀rọ̀, lẹ́búlẹ́bú inú búlúù náà á rọ̀ sínú kòtò wẹ́wẹ́ ara pépà, bó bá sì gbẹ, ara òkúta tí òjò ti jẹ á yọ síta fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò lè mú sùúrù, tó fi búrọ́ọ̀ṣì padà lọ tún un ṣe, ẹrẹ̀ ló máa rí.

Erùpẹ̀ ni sienna, orúkọ ìlú Siena ní Ítálì ló ń jẹ́. Bí a bá sun ún, ó pọ́n. Ohun tó ń di erùpẹ̀ náà mọ́ pépà ni oje igi kan tó ń hù ní etí aṣálẹ̀ Sàhárà, láti Sẹ̀nẹ̀gàl kọjá àríwá Nàìjíríà dé Súdánì, èyí tí wọ́n ń pè ní gum arabic. Oje yìí ti wà nínú ọ̀dà àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà ayé Pars. Fúnra wọn ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán máa ń lọ ọ̀dà nígbà náà, kí Thomas àti William Reeves tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní akara kékeré gbígbẹ tí èèyàn lè sọ sápò. Ní 1781, Society of Arts ní Lọ́ńdọ̀nù fi àmì ẹ̀yẹ fàdákà dá wọn lọ́lá nítorí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni kò ti sí àwáwí mọ́ fún ẹni tó bá jókòó sílé tó ń ya Róòmù.

Búlúù ojú ọ̀run àwọn ayàwòrán ìgbà náà la ń bẹ̀rù. Aró indigo ni ọ̀pọ̀ wọn fi kùn ún, aró tí àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Òṣogbo mọ̀ dunjú bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewéko mìíràn ni tiwọn. Lórí pépà, aró yìí kì í bá oòrùn ṣe. Ní 1888, William Russell àti William Abney gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti sá oríṣiríṣi ọ̀dà olómi sí ìmọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ṣá, indigo sì wà lára wọn. Ẹ ò rí i pé ojú ọ̀run inú àwòrán àtijọ́ mìíràn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bí ẹni pé ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo Ítálì ń wà? Aró ti lọ, pupa tí wọ́n pò mọ́ ọn ló kù. Ìdí nìyẹn tí a fi fọwọ́ sí ohun tí Henry Vaughan ṣe. Àwòrán Turner 38 ló fi sílẹ̀ fún ilé àwòrán ìjọba ní Edinburgh, wọ́n dé ibẹ̀ ní 1900, ó sì fi àdéhùn dè wọ́n pé oṣù Jánúárì nìkan ni kí aráàlú máa rí wọn, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ò bá le. Títí di báyìí, Jánúárì ni wọ́n ń kó wọn jáde. Àwa náà, àpótí ni iṣẹ́ wa ń gbé. Ẹni tó bá fẹ́ ohun tó máa kọ́ sí pálọ̀ tó kọjú sí fèrèsé, kó lọ ra kàlẹ́ńdà.

Ọ̀rọ̀ nípa àwọn ọ̀gá tí a ò tẹ̀ lé kò gùn. Giovanni Paolo Panini a máa kó Colosseum, Pantheon àti òpó Trajan jọ sínú àwòrán kan ṣoṣo, kí olówó tó wá gbafẹ́ ní Ítálì lè gbé gbogbo Róòmù lọ lẹ́ẹ̀kan. Piranesi, tí ọwọ́ rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́ nínú fífín àwòrán sára bàbà, sọ èèyàn di èèrà kí òkúta lè ga. Hubert Robert ya gbọ̀ngàn Louvre ní Paris bí àwókù ní 1796, nígbà tí gbọ̀ngàn náà dúró digbí. Àrà ni wọ́n dá, ó sì dùn ún wò. Ọ̀nà tiwọn yàtọ̀ sí tiwa.

A fàyè gba dídà kọ fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Dókítà Thomas Monro, tó tọ́jú Cozens nígbà tí orí rẹ̀ dàrú ní 1794, a máa pe àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán sílé rẹ̀ lálẹ́ láti da iṣẹ́ Cozens kọ. Thomas Girtin á fa ìlà, Turner á kùn ún, ṣílè mẹ́ta ààbọ̀ ni Turner ń gbà lálẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọwọ́ àwókù Ítálì kí wọ́n tó rí Ítálì. Girtin kú ní 1802 láì débẹ̀ rárá. Turner ti lé lẹ́ni 40 ọdún kí ó tó wọ Róòmù ní 1819. Nígbà tó wá débẹ̀, ó ní kíkùn níta ń jẹ òun lákòókò, pé kí òun tó kun ẹyọ kan, òun á ti fi pẹ́ńsù ya mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A gbà á: ẹni tó bá fi pẹ́ńsù yà níbẹ̀ tó lọ kùn ún nílé kò rú òfin wa. Ẹni tó kùn ún láti inú fọ́tò tí ẹlòmíràn yà, tí kò sì dé ibẹ̀ rí, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe, kó má buwọ́ lù ú.

Francis Towne la ti kọ́ ohun tí a máa ń kọ sẹ́yìn pépà. Towne a máa kọ orúkọ ibi tó wà, àkókò nínú ọjọ́, àti apá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, bóyá òsì ni tàbí ọ̀tún. Kò gbajúmọ̀ láyé rẹ̀. Ìgbà mọ́kànlá ló du ipò nínú Royal Academy, wọn ò mú un lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó kú ní 1816, ó fi àwòrán Róòmù rẹ̀ sílẹ̀ fún British Museum, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló fi lé lọ́wọ́. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí ayé tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Nígbà tí wọ́n wá a, ẹ̀yìn pépà ń sọ̀rọ̀. Kò sí àwòrán tó máa wọ ẹgbẹ́ wa láìní ẹ̀yìn.

Àwọn ará ilé wa máa ń bi wá pé kí ló kan ọmọ Yorùbá kan àlàpà oyìnbó. Ìbéèrè náà tọ́, ẹ jẹ́ ká dá a lóhùn láti Ilé-Ifẹ̀. Ní 1910, Leo Frobenius, ọmọ Jámánì, dé Ifẹ̀, ó rí ère amọ̀ àti orí idẹ Olókun, ẹnu yà á, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kọ̀ láti gbà pé ọwọ́ àwọn baba ńlá wa ló mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ní Atlantis tí àwọn Gíríìkì ń sọ nípa rẹ̀ ló rí, pé àwọn ará òkun ló gbé ọgbọ́n náà wá. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ kò tó o, ohun tó fẹ́ rí ló rí. Ayàwòrán tó so òpó Róòmù pọ̀, tó wẹ àwọn tó ń gbé ìdí rẹ̀ dànù, iṣẹ́ Frobenius ló ń ṣe. Àwa tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí, ó yẹ ká mọ bó ṣe ń dunni, kí a má sì ṣe é fún ẹlòmíràn. Ọmọ Yorùbá kò gbọ́dọ̀ tẹrí ba fún òkúta Róòmù, kò sì gbọ́dọ̀ fojú di í. Kó jókòó, kó wò ó dáadáa, kó yà á bó ṣe rí.

Lórí Palmyra, ọ̀rọ̀ wa kò ní àwàdà nínú. Louis-François Cassas, ọmọ Faransé, ya àwókù ìlú náà ní Síríà ní 1785. Ní oṣù Ògọ́sì 2015, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí ISIS fi bọ́ǹbù wó tẹ́ńpìlì Baalshamin àti ti Bel. Ní oṣù Ògọ́sì kan náà, wọ́n pa Khaled al-Asaad, bàbá tó ti lé lẹ́ni 80 ọdún, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún bójú tó àwókù ibẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, wọ́n wó ẹnu ọ̀nà ńlá tó gbajúmọ̀ jù lọ níbẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ òkúta mábìlì Íjíbítì ní àfijọ ẹnu ọ̀nà náà, wọ́n gbé e dúró ní Trafalgar Square ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn èèyàn ń ya fọ́tò lábẹ́ rẹ̀. Ayàwòrán ẹgbẹ́ wa tó bá dé Palmyra lónìí, ibi tó ṣófo ni kó yà. Òkìtì òkúta ni kó yà. Ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ wà lọ́wọ́ Cassas, ó ti ṣe tiẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ẹnu wa ò tíì kò lé lórí. Ẹnu ọ̀nà ìṣẹ́gun ńlá tó wà ní Forum ní Róòmù, èyí tó máa ń yọjú nínú àwòrán gbogbo ẹni tó bá ya ibẹ̀, Septimius Severus ni wọ́n kọ́ ọ fún ní 203. Ọmọ Leptis Magna ní Líbíà ni, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní 145, ó sì jọba Róòmù láti 193 títí tó fi kú sí York ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 211. Ó kọ́ ìlú rẹ̀ débi pé ó dùn ún wò, kí iyanrìn tó bò ó. Ní 1816, Hanmer Warrington, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Tripoli, gba àyè lọ́dọ̀ olórí ibẹ̀ láti kó òpó Leptis. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn dé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sùn sílẹ̀ níwájú British Museum fún ọdún mélòó kan, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n máa fi wọ́n ṣe. Ní ìparí àwọn ọdún 1820 ni Jeffry Wyatville, akọ́lé ọba George IV, wá tò wọ́n jọ ní Virginia Water, lẹ́bàá Windsor, gẹ́gẹ́ bí àwókù tẹ́ńpìlì. Àwọn kan dúró, àwọn kan dùbúlẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣubú. Ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ohun tó wó ni. Igi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí wọn ká, koríko tútù yọ̀yọ̀, adágún omi wà nítòsí, ó sì dára lójú ayàwòrán ju bó ṣe yẹ lọ.

Àwọn kan nínú wa ní kí ẹnikẹ́ni má yà á. Àdàmọ̀dì ni, wọ́n ní, kò yàtọ̀ sí àlá Panini, òkúta gidi ni wọ́n kàn fi ṣe tiẹ̀. Àwọn yòókù ní èyí gan-an ló yẹ ká yà jù lọ, torí ara ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Leptis ni. Ẹ̀yìn àwọn tó kẹ́yìn yìí ni èmi tí wọ́n ní kí n kọ ìwé yìí wà. Ẹ yà á, pẹ̀lú koríko tútù rẹ̀ àti àwọn tó ń rìn gbafẹ́ kọjá pẹ̀lú ajá. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yìn pépà gbé orúkọ ìlú méjèèjì, kí Leptis Magna ṣáájú Virginia Water, kí ọdún tí wọ́n kó òpó náà tẹ̀ lé e, kí ẹ tó wá kọ aago tí ẹ jókòó àti apá ibi tí oòrùn ti ń bọ̀.